Ṣọ́ọ̀bù aṣọ onígíláàsì ní Àjàṣẹ́: ọjà wọn dára, ojú wọn ló le

Àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńláńlá tó wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: àwọn tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú wọn, tí wọ́n ń ta ojúlówó àǹkárá Hóláńdì, léèsì Austria àti bazin, aṣọ òwú tó ń dán. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan, torí pé ìwà tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ń ràn láti káńtà dé káńtà. Ọjà wọn, mo fún un ní 4 nínú 5. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí oníbàárà, 2 nínú 5. Tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá wà níjokòó, ó máa ń di 4 lójú ẹsẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti jẹ́ ká mọ ibi tí àìsàn náà wà.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù yìí ti sọ òwe náà di òfin. Bàtà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà àpò ọwọ́, lẹ́yìn náà èdè tó jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá fi Faransé wọlé á rí àga jókòó sí. Ẹni tó bá sọ Yorùbá tàbí Gùn, wọ́n á fi Faransé dá a lóhùn bí ẹni pé wọn ò gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé èdè yẹn náà ni wọ́n ń sọ nílé. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìlú tí ọjà rẹ̀ ń fi Yorùbá àti Gùn nájà láti àárọ̀ dé alẹ́ ni Àjàṣẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èdè yẹn ti oníbàárà sẹ́yìn.

Ojú líle náà ní oríṣi. Òmíràn kò ní gbé ojú kúrò lára fóònù. Òmíràn á ti sọ pé "Èyí wọ́n o" kí o tó béèrè iye rẹ̀. Òmíràn á nawọ́ sí òkìtì aṣọ ẹ̀dínwó tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Òmíràn á máa tẹ̀lé ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ láàárín pẹpẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kọ̀ láti tú ọ̀rá aṣọ.

Kíkọ̀ láti tú ọ̀rá yẹn, mo gbà pé ìdí wà fún un. Aṣọ tí wọ́n ti tú, tí wọ́n tún ká padà, kì í rí bí èyí tó wà nínú ọ̀rá mọ́, ẹni tó kàn sì lè fi ìyẹn ná an wálẹ̀. Àwọn kan máa ń wọlé wá ya fọ́tò ọnà aṣọ, kí wọ́n lọ wá irú rẹ̀ tó rọjú ní ọjà ńlá. Olè náà wà. Níbòmíràn, bí ọjà bá sọnù, ara owó oṣù ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá mọ èyí á lè fi ìyàtọ̀ sí olùtajà tó ń ṣọ́ra àti olùtajà tó ń gbéraga. Èyí tó ń ṣọ́ra á sọ ìdí rẹ̀ fún ọ tí o bá bi í. Onígbèéraga kò ní sọ nǹkan kan, á kàn yínmú.

Ohun tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ ni pé ojú líle yẹn ń ta ọjà. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì, Morgan Ward àti Darren Dahl, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé tí olùtajà ọjà olówó ńlá bá fojú tín-ín-rín ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ọjà náà, ṣe ni ìfẹ́ ọjà yẹn ń pọ̀ sí i lọ́kàn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé olùtajà náà múra bá ohun tó ń tà mu. Ní ṣọ́ọ̀bù ọjà gbogboogbò, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìfẹ́ náà ti rọlẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó ra léèsì láti fi hàn pé òun náà lówó, aṣọ náà á ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀, a kì í sì í dá aṣọ tí wọ́n ti gé padà. Nítorí náà, tí ara rẹ bá ti gbóná, má sanwó lọ́jọ́ yẹn. Ní kí wọ́n kọ orúkọ ọnà náà àti iye rẹ̀ sí ìwé fún ọ, kí o padà wá lọ́jọ́ kejì tí o bá ṣì fẹ́ ẹ.

Àkókò tí a bá lọ ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ti ilẹ̀kùn láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó bá wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tì, ojú burúkú ló máa bá. Ní kùtùkùtù, ọ̀pọ̀ olùtajà gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ló ń ṣí ọjọ́ náà fún wọn. Tó bá tú aṣọ mẹ́wàá wò tí kò ra ọ̀kan, inú wọn á bàjẹ́ títí di alẹ́. Aago mẹ́wàá sí aago méjìlá dára, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ náà dára, láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kò dára rárá, torí pé àwọn tó ń wá aṣọ òde á ti kún ibẹ̀.

Tí o bá wọlé, kí wọn kí o tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Eélòó ni èyí?" láìkí ènìyàn, òun náà ti ṣe àfojúdi, yálà ní Yorùbá ni o tàbí ní Faransé, bonjour kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ìkíni, sọ ohun tí o wá rà lẹ́ẹ̀kan náà: irú aṣọ, àwọ̀, ọ̀pá mélòó, àti ohun tí o fẹ́ fi ṣe. "Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí. Léèsì funfun ni mo wá, ọ̀pá márùn-ún, ti ìyá ìyàwó." Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó gbọ́ irú gbólóhùn yìí mọ̀ pé ẹni tó mọ ohun tó ń rà ló dúró síwájú òun, ojú rẹ̀ sì máa ń rọ̀. Tó bá tún dáhùn pé "Ó wọ́n o," má bá a jiyàn, má sọ iṣẹ́ tí o ń ṣe, má sì fa owó yọ. "Mo gbọ́. Ẹ bá mi gbé e wá kí n fojú rí i" ti tó. Tí wọ́n bá fi ọ́ sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ló máa dá ọ lóhùn. Má fọwọ́ kan aṣọ orí pẹpẹ fúnra rẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan àwọ̀ jẹ. Funfun á dà bí mílíìkì, àwọ̀ ewé á dúdú. Ó yẹ kí o rí aṣọ ní ẹnu ọ̀nà, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Tí o bá ní kí wọ́n jẹ́ kí o gbé e jáde, wọ́n á kọ̀. Ní kí olùtajà fúnra rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ìwọ á kàn tẹ̀ lé e. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ ìyẹn.

Ibi tí ìgbéraga ti ń náni lówó jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí pé ojú máa ń ti ènìyàn láti béèrè. Ní ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, "pagne" kan jẹ́ ọ̀pá méjì, ìyẹn mítà 1.83, "demi-pièce" jẹ́ ọ̀pá mẹ́fà, mítà 5.49, "pièce" jẹ́ ọ̀pá méjìlá, mítà 10.97. Àmọ́ àwọn kan ti ń pe ọ̀pá mẹ́fà náà ní "pièce", àwọn tó sì wá láti Nàìjíríà gba ẹnubodè Ìgòlò tàbí Sẹ̀mẹ̀ kọjá kò mọ̀ ju ọ̀pá mẹ́fà lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè ṣàdéhùn iye kan, kí olúkúlùkù ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́kàn. Béèrè pé "Ọ̀pá mélòó ni?" kí o tó ná an, kí o sì mú téèpù tìrẹ dání. Léèsì ọ̀pá márùn-ún gbọ́dọ̀ tó mítà 4.57. Bí olùtajà bá bínú pé o ń wọn ọjà òun, jẹ́ kó bínú.

Ní ti ojúlówó: Vlisco, ilé iṣẹ́ àǹkárá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond ní ilẹ̀ Hóláńdì ní 1846, máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí etí aṣọ. Ka gbogbo lẹ́tà rẹ̀, kí o má kàn wò ó fìrí, torí pé àwọn ayédèrú máa ń yí lẹ́tà kan tàbí méjì padà. Yí aṣọ náà dé ẹ̀yìn. Oje gbígbóná ni wọ́n fi ń ya ọnà sí ojú àti ẹ̀yìn kí wọ́n tó rì í sínú aró, nítorí náà ojú àti ẹ̀yìn ń mọ́ bákan náà. Ibi tí oje náà bá ti sán ni aró ń gbà wọlé, òun ló ń ya àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí iṣan. Iṣan yẹn kì í rí bákan náà níbi méjì. Wá ọnà kan náà ní ibi mẹ́ta lórí aṣọ. Bí iṣan ibẹ̀ bá bára mu délẹ̀délẹ̀, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe oje. Bazin ojúlówó jẹ́ òwú pátápátá, inú híhun ni ọnà rẹ̀ wà. Tí ó bá ń ṣe ọ́ bí i pé kì í ṣe òwú, fa fọ́nrán kan yọ ní ibi tí wọ́n ti gé e, kí o sun ún níta: òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á fúyẹ́, fọ́nrán ọ̀rá á yọ́, á sì di kókó líle. Ní ti léèsì, gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí o wo àwọn ojú ihò rẹ̀, bí òwú bá ti já níbì kan, á máa tú lọ ni.

Ìnájà náà ní ìlànà tirẹ̀. "Ṣé ẹnu kan ni, àbí ẹ máa gbọ́ tiwa?" Bí wọ́n bá ní ẹnu kan ni, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà kí o ná an, má dárúkọ iye tí o kò ní san. Ẹni tó dárúkọ iye, tí olùtajà gbà, tó wá yíjú padà, kò ní ẹ̀sùn kankan láti fi kan ẹnikẹ́ni lórí ìbínú tó bá tẹ̀lé e. Béèrè bóyá TVA, ìyẹn owó orí ọjà, wà nínú iye náà, torí 18 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe owó kékeré: aṣọ tí wọ́n pè ní 50,000 sẹ́fà á di 59,000 ní káńtà.

Gba "facture normalisée", ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìsanwó tí ìjọba fọwọ́ sí. Ó yẹ kí IFU, nọ́ńbà owó orí ṣọ́ọ̀bù náà, wà lórí rẹ̀ àti kóòdù QR. Ìwé kékeré tí wọ́n fi bírò kọ kò tó. Tí ẹ̀sùn bá dé, ìwé yìí ni ẹnu rẹ. Òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007 ló ń dáàbò bo oníbàárà ní Benin. Kò lè fi ìyà jẹ ẹni tó yínmú sí ọ, àmọ́ ó dúró lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ta ayédèrú fún.

Fún ìwà àrífín, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kí o lọ, kì í ṣe lójú èrò. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń mọ ìdílé, ó sì ń rántí ẹni tó ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ nǹkan mẹ́ta fún un: ọjọ́ àti wákàtí, ẹni tó dá ọ lóhùn, àti gbólóhùn tó sọ gẹ́lẹ́. Má bú ọmọ náà. Má sọ pé olè ni. Bí o bá ti fi èébú kún un, ọmọ rẹ̀ ni ìyá náà máa gbè, bó tilẹ̀ mọ̀ pé o jàre.

Ẹni tó bá ń ra aṣọ ẹbí fún ogójì ènìyàn, ó dára kó bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ káńtà. Kó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí pé àwọ̀ aṣọ tó bá dé lẹ́yìn lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìṣáájú, á sì hàn gbangba tí àwọn ẹbí bá jókòó pọ̀. Bí owó kò bá pé, kó san àsansílẹ̀, kí ọ̀gá kọ iye aṣọ, orúkọ ọnà àti ọjọ́ tí wọ́n máa kó o sórí ìwé kan náà, kó sì fọwọ́ sí i.