Yàrá Ìmọ̀ràn Lórí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Kan ní Kàbà

Lẹ́yìn ọjà Kàbà, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ síbẹ̀. ₦3,000 ni wọ́n ń gbà fún ìjókòó àkọ́kọ́, ₦1,500 sì ni fún èyí tó bá tẹ̀ lé e. Owó náà kò kéré lójú ẹni tó ń gba owó oṣù bíi tèmi, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìyàrà, mọ ohun tí wọ́n lè rí gbà níbẹ̀ àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ já sìmẹ́ńtì 140 àpò fún wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá mi sì gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i pé 200 ló wọlé, pé ìyókù ń bọ̀ lọ́nà. Bí mo bá fọwọ́ sí i tí ìyókù kò dé, ọrùn mi ni yóò já lé. Bí mo bá sì kọ̀, mo ti sọ ara mi di ọ̀tá ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti Lọ́kọ́ja pé kí n wá ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ₦115,000, nígbà tí ₦80,000 ni mo ń gbà ní Kàbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tètè máa lọ. Ìyá mi ní kí n má ṣe fi ilé sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fọwọ́ síwèé náà, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó béèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́.

Òun gan-an ni màmá kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n kí mi pé, "Òkun o, ọmọ mi," wọ́n bu omi fún mi, wọ́n jẹ́ kí n rojọ́ mi tán, wọ́n wá na ọwọ́ sí mi: "Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ dà?" N kò mú un dání. Wọ́n ní kí n lọ mú un wá pẹ̀lú ìwé owó oṣù mi, àti ìwé ìṣirò láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi, wọn kò sì gba owó kankan lọ́jọ́ náà. Inú bí mi, nítorí mo ti tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó lè wá. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ohun tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti ìgò ojú wọn sókè, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí àárín ojú ewé kan nínú ìwé àjákọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà mi sókè ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì kò pẹ́ wa rárá. Wọ́n ní kí n má bá ọ̀gá jà, kí n má sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì; iye tí mo kà ni kí n fi ọwọ́ ara mi kọ, kí n kọ déètì sí i, kí n ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kí n sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iye tí mo kà ni mo kọ. Bí ìyókù bá dé, màá kọ ìwé mìíràn fún un." Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀gá wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó mú ìwé náà, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́ja ló gbà wá lákòókò. Lẹ́tà mi ní kí n fún ilé-iṣẹ́ ní ìfitónilétí oṣù kan kí n tó lọ. Màmá ṣàlàyé pé Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́ àti ti akọ̀wé, fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tí ì lo márùn-ún, ó sì fi oṣù kan sílẹ̀ fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi ti fọwọ́ sí oṣù kan, kí n bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n má baà rí ohun kankan dì mọ́ mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣírò. ₦35,000 ni Lọ́kọ́ja fi ju Kàbà lọ. Yàrá tí n óò gbà níbẹ̀ yóò jẹ ₦15,000 lóṣù, owó ọkọ̀ fún wíwá wo ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ní ọ̀nà Ọ̀bájánà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé sìmẹ́ńtì ti gbà kan yẹn, yóò jẹ ₦12,000. Ó ku ₦8,000. Ojú mi wálẹ̀. Mo ti ń rò pé owó ńlá ni mo fẹ́ lọ kó.

Ìgbà náà ni wọ́n ṣí ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa yọ ó kéré tán 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí òun fúnra rẹ̀ fi 10 kún un, kí ó sì san án sí àkáǹtì onítọ̀hún láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá ti san owó oṣù. Àwa 22 ni a wà níbẹ̀. Loṣooṣù ni ₦6,400 ń kúrò lára owó mi, ₦8,000 tiwọn ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Odidi oṣù méje ni kò sí ohun kankan tó wọlé. Màmá fi pẹ́ńsùlù yí nọ́ńbà kan po: ₦100,800. Mo wo òbìrìkìtì náà títí. Wọn kò sọ pé kí n lọ, wọn kò sì sọ pé kí n dúró. Wọ́n kàn ní àkáǹtì ìfẹ̀yìntì ń bá òṣìṣẹ́ lọ síbi tó bá lọ ni, pé n kò ní pàdánù nọ́ńbà mi, àti pé kí n kọ lẹ́tà béèrè owó náà kí n tó kọ ti ìfiṣẹ́sílẹ̀, torí pé bí ilé-iṣẹ́ bá kọ etí dídi, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni a ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àléébù yàrá náà kò ṣeé fi pamọ́. Pákó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dá a sí méjì, ẹni tó jókòó níta sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan tó wá béèrè bóyá ọdún 60 ni òun yóò fẹ̀yìn tì tàbí 65, tí màmá sì ń ṣàlàyé fún un pé òfin ọdún 2022 sọ ti olùkọ́ di ọdún 65 láyé tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó wádìí bí ìpínlẹ̀ ṣe gba òfin náà wọlé kó tó ṣètò ohunkóhun. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí n gbọ́ ọ. Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa, tí àbúrò ọ̀gá rẹ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ewu gidi ni. Mo sọ fún wọn, wọ́n sì gbà pé òótọ́ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣí, ní ọ̀sán tí òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Sátidé ìbá rọrùn fún wa. Wọn kò sì fún mi ní rìsíìtì àfìgbà tí mo béèrè.

Síbẹ̀, n óò rán ẹnikẹ́ni tí lẹ́tà iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá òmíràn kò ní rí ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, nítorí wọn kì í bá ènìyàn wá iṣẹ́.

Mo ti gba iṣẹ́ Lọ́kọ́ja. Lẹ́yìn lẹ́tà mi, owó oṣù mẹ́ta ti wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi. Ó ku mẹ́rin, màmá sì ti ní kí n mú ìwé ìṣirò tuntun bọ̀ níparí oṣù yìí.