Ẹ̀rọ Iná UV tí Mo Rà ní Sábó: Kòkòrò Ló Ń Pa, Kì í Ṣe Májèlé

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti lo ẹ̀rọ yìí, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ UV (ultraviolet, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí) pa kòkòrò àìfojúrí inú omi, kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀nà Ìlọrin nílé mi wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kẹ́mísìrì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn báyìí. Bóhòòlù wa kì í dá omi tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú adágún kékeré tí ọkọ mi gbẹ́ sẹ́yìn ilé la ti máa ń pọnmi kún un.

Lọ́dún yìí, omi adágún náà yí padà. Kì í ṣe ojú oró, kì í ṣe òṣíbàtà. Àwọn yẹn ní ewé, èèyàn lè fọwọ́ kó wọn dànù. Èyí dà bí ìgbà tí ẹnì kan da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sójú omi. Tí ẹ bá fi igbá bù ú, á lẹ̀ mọ́ ara igbá. Álíjì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria. Ìgbẹ́ adìẹ àti oúnjẹ ẹja tí òjò wọ́ wọnú omi ló ń jẹ, oòrùn ló sì ń mú un pọ̀ sí i.

Ọmọkùnrin tó ta ẹ̀rọ náà fún mi mọ ọ̀wọ̀ gan-an ni. “Mọ́mì, kò sí ohun búburú tó máa gba ibi iná yìí kọjá.” Mo san ₦185,000, owó púlọ́mbà wà nínú ẹ̀.

Páìpù irin tí kì í dípẹtà ni, ó gùn tó apá mi. Gíláàsì wà nínú rẹ̀, gílóòbù wà nínú gíláàsì, omi ń gba àárín irin àti gíláàsì kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ba DNA kòkòrò (ohun inú ara rẹ̀ tó fi ń bí irú ara rẹ̀) jẹ́ débi pé kò ní lè pọ̀ sí i mọ́. Lórí èyí, n ò ní ẹ̀sùn kankan. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tí inú máa ń ṣu gbuuru gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá lo họlidé, wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì, inú wọn ò ṣu. Omi kì í rùn bíi ti kílóríìnì, sólà kékeré sì gbé e.

Ohun tó ń dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, pé ó ń mú gbogbo májèlé kúrò nínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì léwu fún ẹni tó bá gbà á gbọ́.

Májèlé álíjì, èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni microcystin, inú ara álíjì gan-an ló máa ń wà. Ẹ pa álíjì, á tú jáde sínú omi. Ìdí nìyẹn tí síse omi kò fi ràn án: álíjì á kú, májèlé á wà níbẹ̀, omi á sì gbẹ díẹ̀, èyí á mú kí májèlé náà ki sí i nínú èyí tó kù. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bá jà. Ní Caruaru, ní Bràsíìlì, lọ́dún 1996, omi tó ní májèlé yìí ni wọ́n lò níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kíndìnrín, àwọn tó bá a lọ lé ní 50. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí microcystin-LR inú omi tí à ń mu lójoojúmọ́ má ju máíkírógíráàmù 1 lọ nínú lítà kan. Ojú ò lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò.

Iná UV lè bá a jà o, tó bá ní olùrànlọ́wọ́. Tí hydrogen peroxide, kẹ́míkà olómi kan, bá wà nínú omi, iná á là á sí méjì, ohun tó máa jáde, hydroxyl radical, á já májèlé náà sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó kú, kò sì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí omi bá ní ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà, ara ìwọ̀nyẹn ló máa parí agbára rẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ omi Andijk ní Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀nà yìí wẹ omi adágún IJsselmeer ní 2004, torí oògùn oko tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò jẹ́ bíi 540 mJ/cm² (agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára omi), peroxide jẹ́ bíi mìlígíráàmù 6 nínú lítà kan, wọ́n tún ń sẹ́ omi náà lára activated carbon, èédú tí wọ́n ṣe fún ìwẹ̀ omi, kí peroxide tó ṣẹ́kù lè kúrò. Tèmi ńkọ́? 40 mJ/cm² ni wọ́n kọ sára rẹ̀. 40 tó fún ọ̀pọ̀ kòkòrò. Kò tó fún májèlé, kò sì sí peroxide níbẹ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ ra peroxide lọ́dọ̀ oníkẹ́mìsì kó máa dà á sínú tánkì ilé. Ẹni tí kò bá ní ohun tó fi máa wọn iye tó wọlé àti iye tó kù, kó má dán an wò. Kódà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a kó álíjì kúrò láàyè kó tó bẹ́: ká fi álọ́ọ̀mù sí omi, kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, ká sẹ́ omi náà nínú yanrìn, lẹ́yìn náà activated carbon, kì í ṣe èédú tí a fi ń dáná. Iná ló máa kẹ́yìn.

Àléébù méjì mìíràn. Tí iná bá lọ, omi á ṣì máa ṣàn kọjá láìfọ̀, wọn ò fi ohun tó máa tì í sí i. Gíláàsì rẹ̀ náà máa ń dá ìpẹtà omi bóhòòlù. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nù ún.

Mo padà lọ bá ọmọ náà. Ó ní bí wọ́n ṣe kó o wá lòun ṣe ń tà á. Mo ní, “Ọmọ mi, abiyamọ ló ń rà á lọ́wọ́ ẹ.” Ó dákẹ́, ó gba páálí náà lọ́wọ́ mi, ó tún un kà.

A ò mu omi adágún yẹn mọ́. Bóhòòlù nìkan ló ń gba inú ẹ̀rọ yìí, mo sì ti ṣí ilé adìẹ kúrò lókè omi. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá lè kọ ọ́ sára páálí pé kì í ṣe fún omi tó ti yí àwọ̀ ewé, mà á sọ ọ́ di mẹ́rin.