Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tó ń wá mọ́gáàdì tìrélà kékeré nífẹ̀ níbí

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin táa jọ ń rẹ́ńtì kánópì àtàga, ẹ gbọ́ eléyìí kẹ́ ẹ tó mówó jáde. Tìrélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí mo máa ń so mọ́dìí Hilux ni mọ́gáàdì ẹ̀, irin tó bo táyà lórí, dógùn-ún títí tó fi jẹrà, tí mo bá ń gba títì Iléṣà lásìkò òjò, gbogbo ẹrẹ̀ ló ń ta sára àga oníbàárà.

Ni wọ́n bá júwe ọ̀gbẹ́ni kan fún mi tó ń ta irin tòkunbọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ohun tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ mọ̀. Ó ní Belgium ni, ara tìrélà òyìnbó ni wọ́n ti tú u, gáfánáìsì ni (irin tí wọ́n fi síǹkì bò lára), kò lè dógùn-ún láéláé. Ó ń dán, ó sì wúwo lọ́wọ́, ìwúwo yẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Mo ní kí n lọ wọ́ tìrélà wá ká fi wọ̀n ọ́n, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, kò sí táyà téyìí ò lè bò, ẹnìkan mà ti ń bọ̀ láti Iléṣà wá gbé e o." Ojú bá kán mi, mo san ₦45,000 fún méjèèjì.

Wẹ́dà mi fi iná kàn án báyìí, ihò! Iná kàn ń jẹ ẹ́ lọ bí ìgbà téèyàn finá sí ọ̀rá ni, òórùn pọ́tì (ohun tí pánẹ́bítà fi ń dí ara mọ́tò) gba gbogbo ibẹ̀. Ìgbà táa họ ọ́ la rí i pé irin tó ti jẹrà ni, páànù fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n rọ pọ́tì sí i lára, wọ́n wá fín ọ̀dà sílífà lé e. Mo gbé e padà, ó ní wẹ́dà mi ni ò mọṣẹ́, kí n wọ́ tìrélà wá kí ọmọ òun bá mi jó òmíì mọ́ ọn, ₦15,000 péré. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá kan tí mo bá níbẹ̀ tó wá jà. Tìrélà tó fi ń kó gbágùúdá ni wọ́n bá a jó mọ́gáàdì sí, òfìfo ni wọ́n jó o, ó sún mọ́ táyà, ó rẹwà lójú. Ọjọ́ tó di ẹrù, sípíríǹgì wálẹ̀, mọ́gáàdì jókòó sórí táyà, ó gé e kí wọ́n tó dọ́jà. Mo fi ìbínú ju tèmi sílẹ̀ níbẹ̀, mo kọjá lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa rà, ẹ mú òòfà dání, èyí tó wà lẹ́yìn spíkà tó ti kú náà tó. Ẹ wọ́ ọ yíká, ibi tí ò bá ti mú dáadáa, pọ́tì ló wà níbẹ̀ (òòfà ò kúkú ń mú alumíníọ́mù, àmọ́ ìyẹn fúyẹ́, bóòtù ni wọ́n sì fi ń dè é mọ́ tìrélà onírin). Ẹ fi àkísà tó rin tínà nù ún, ọ̀dà á bá àkísà lọ, gáfánáìsì gidi ò ní kúrò. Tó bá wá jẹ́ gáfánáìsì lóòótọ́, kí wẹ́dà fi gíráńdà họ ojú ibi tó fẹ́ jó, torí èéfín ẹ̀ máa ń fa ibà lálẹ́.

Ẹ wọn táyà yín o. Tèmi 175/80 rím 13 ni, ó ga tó ínṣì 24, ó fẹ̀ tó ínṣì 7, mọ́gáàdì onínṣì 9 ló bá a mu. Kí wẹ́dà kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ díẹ̀ lásán, kẹ́ ẹ di ẹrù tẹ́ ẹ máa ń dì gan-an sórí ẹ̀, tí ínṣì 2 sí 3 bá ṣì ṣẹ́kù láàárín òun àti táyà, kó wá jó o pa. Ẹ fi àpò tútù bo táyà o, tàbí kẹ́ ẹ tú u.

Èmi ti ra péètì irin 2mm, wẹ́dà ti bá mi tẹ̀ ẹ́ sí mọ́gáàdì. Ṣùgbọ́n mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni yẹn kọjá ní Sátidé, àwọn méjì tí mo jù sílẹ̀ ló tún gbé kọ́ síta yẹn, wọ́n ti dí ihò wẹ́dà mi, wọ́n ń dán yinrinyinrin.