Súpà gúlù, Araldite, gọ́ọ̀mù funfun àbí gọ́ọ̀mù ṣúmékà: èwo lẹ máa rà fún gìtá àti bat yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gìtá tàbí tẹ́ ẹ ń gbá tẹ́bù tẹ́nìsì, tí nǹkan yín bá fọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn ní kí alátẹ fún yín ní "èyí tó le jù". Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó fọ́ yẹn ná. Ṣé ó máa ń tẹ̀ tàbí kì í tẹ̀? Ṣé ojú ẹ̀ méjèèjì ṣì wọnú ara wọn àbí àlàfo ti wà níbẹ̀?

Súpà gúlù ló yá jù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti mú, torí ọ̀rinrin ló ń mú kó le, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lẹ ìka èèyàn pọ̀ kíá. Ó dáa fún plastic kékeré tó là tó ṣì bá ara mu. Ẹ̀kán kan ti tó, tẹ́ ẹ bá dà á púpọ̀ kò ní mú dáadáa. Àmọ́ ó máa ń gan, tí nǹkan yẹn bá jábọ́, ó lè já padà, kì í sì í mú plastic tó dà bíi ti kẹ́ẹ̀gì rárá. Ẹ má jẹ́ kó kán sí aṣọ òwú tẹ́ ẹ wọ̀ o, ó máa ń gbóná gan-an níbẹ̀, ó lè jó yín lára.

Araldite ní tiẹ̀, tube méjì ni, ìwọ̀n kan náà lẹ máa fún jáde nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀ dáadáa, torí tí ọ̀kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, ṣe ló máa rọ̀ tó sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ibi tó ti ju súpà gúlù lọ ni ibi tí àlàfo wà àti irin: irin tó yọ lára igi, ìdìmú bat tí igi ẹ̀ ti fò dànù díẹ̀, òrùka ọ̀pá ìpẹja. Ẹ fi sánpépà ha ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ nu epo kúrò. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5 minutes á mú ní 5 minutes lóòótọ́, àmọ́ ẹ fún un ní wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó fi ṣiṣẹ́.

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ orí gìtá tó ṣẹ́ ló ń dùn mí jù. Èmi náà fi súpà gúlù lẹ tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tún ṣí, ìgbà tí mo wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó fi ọ̀bẹ ha gúlù tó ti gan sínú igi yẹn fún àìmọye wákàtí, torí gọ́ọ̀mù míì ò lè wọnú igi mọ́ tí ìyẹn bá ti dí i. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, bíi Top Bond, ló yẹ kí n fi sí i látìbẹ̀rẹ̀. Olómi ni, ó máa ń wọnú igi lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi kíláàmù, irin tí káfíńtà fi ń di igi mú, fún un pọ̀, kẹ́ ẹ nu èyí tó bá tú jáde, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí okùn wáyà 6 ti acoustic máa ń fa ọrùn gìtá pẹ̀lú agbára tó lé ní kílò 60! Kì í fẹ́ ooru ṣá, ẹ má gbàgbé gìtá yẹn sínú mọ́tò tó wà lóòrùn.

Rọ́bà bat ńkọ́? Súpà gúlù kọ́ o, á gan, bọ́ọ̀lù ò ní fò bó ṣe yẹ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà, á ya awọ igi dání. Gọ́ọ̀mù ṣúmékà máa ń tẹ̀, ẹ pa á sí ojú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka yín mọ́, kẹ́ ẹ wá lẹ rọ́bà mọ́ igi, kẹ́ ẹ fi ìgò yí i mọ́lẹ̀. Òórùn ẹ̀ lágbára, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdíje lẹ fẹ́ gbé e lọ, ITTF, àjọ tẹ́bù tẹ́nìsì àgbáyé, ti fòfin de irú gọ́ọ̀mù olóòórùn bẹ́ẹ̀ láti 2008, èyí tí wọ́n fi omi pò fún bat ni kẹ́ ẹ wá.

Tówó yín bá mọ níwọ̀n, Araldite àti gọ́ọ̀mù funfun kékeré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní nílé. Súpà gúlù, tube tó kéré jù lọ ni kẹ́ ẹ rà, torí tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, kì í pẹ́ tó fi máa le sínú.