Ẹ ṣọ́ra fún fìrísà "10% péré" tí wọ́n ń polówó ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra fìrísà, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà lọ́wọ́ àwọn tó ń ní kéèyàn máa san díẹ̀díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà ní Kàbà. Àsìkò kajú tó kọjá, tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ni fìrísà mi kọṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ kan ń fi gbohùngbohùn polówó kiri: "₦375,000 tẹ́lẹ̀, ₦300,000 báyìí! 20% la yọ fún yín! Ẹ mú ₦100,000 wá, ẹ máa gbé e lọ, èlé 10% péré!"

Mo ṣírò rẹ̀ lórí ìdúró. Ìyókù jẹ́ ₦200,000, 10% rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Mo ní èyí ò ni mí lára. Mo fọwọ́ sí i.

Ilé ni mo dé kí ọmọ mi tó bá mi ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà: 10% lóṣooṣù, oṣù márùn-ún. Àṣé ₦40,000 owó ọjà pẹ̀lú ₦20,000 èlé ni màá máa san, ₦60,000 lóṣù kan. Èlé nìkan ti di ₦100,000.

Ibi tó dùn mí jù ni oṣù karùn-ún. Gbèsè tó kù lọ́rùn mi nígbà yẹn kò ju ₦40,000 lọ, síbẹ̀ ₦20,000 ni wọ́n tún gbà lérí rẹ̀. Ìdajì gbèsè náà gan-an nìyẹn, 50%! Ìdí ni pé orí ₦200,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka èlé sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé n kò san kọ́bọ̀ rí. Tó bá jẹ́ orí ohun tó kù ni, yóò jẹ́ ₦20,000, lẹ́yìn náà ₦16,000, ₦12,000, ₦8,000, ₦4,000. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦60,000. Ẹ wo ₦40,000 tó bá ibẹ̀ lọ.

20% tí wọ́n ní àwọn yọ ńkọ́? Mo rí fìrísà kan náà, ìwọ̀n kan náà, ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn nínú ọjà wa. ₦300,000 ni, láìsí ariwo kankan. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi 25% lé ₦300,000 kó lè di ₦375,000. Tí wọ́n bá wá yọ 20% nínú ₦375,000, ibi tó ti wá ló padà sí. ₦75,000 kan náà ni wọ́n fi kún un, òun náà ni wọ́n yọ. Ó dà bíi 25% lára iye kékeré, ó sì dà bíi 20% lára iye ńlá. Iye tí wọ́n bá ka pasẹ́ǹtì náà lé lórí ni kí ẹ máa wò.

Wọ́n tún gba "VAT 10%", ìyẹn owó orí ọjà, lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ₦37,500. VAT ìjọba jẹ́ 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020. 5% ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Orí ₦375,000 tí ẹnikẹ́ni ò san ni wọ́n sì tún ti kà á. Ẹ lè ṣírò 7.5% láìlo fóònù: ẹ gé òdo kan kúrò lára ₦300,000, ó di ₦30,000, ìyẹn 10%. Ìdajì rẹ̀, ₦15,000, ni 5%. Ẹ fi ìdajì ìyẹn kún un, ₦7,500. Ó di ₦22,500.

Àpapọ̀ ohun tó jáde lápò mi ni ₦437,500. Mo fi ₦137,500 lé iye tí fìrísà náà ń lọ lọ́jà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46%. Ẹnu ọ̀nà "10% péré" ni mo gbà wọlé o.

Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan níbí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ máa béèrè ìbéèrè méjì: pasẹ́ǹtì ti kí ni, ìgbà mélòó sì ni? Kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó tí ẹ máa san tán sílẹ̀, ní náírà, kí ẹ tó yọ owó. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mójú tó, kò fàyè gba kí ọlọ́jà gba owó tó ju iye tó kọ sára ọjà lọ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan sọ fún yín pé ẹ̀ ń dààmú òun.

Àbúrò mi obìnrin ní Mọ̀pà ti fẹ́ fún wọn ní ₦100,000 tirẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo pè é lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà dé, àbúrò mi ní, "Àbúrò, èlé yìí, ṣé orí ₦200,000 ni àbí orí ohun tó bá kù? Ẹ bá mi kọ àpapọ̀ rẹ̀ síbí." Ọmọkùnrin náà ní òun ń lọ bi ọ̀gá òun. Ó kó ìwé rẹ̀, kò tíì padà wá.