Ọdún méjì tí mo ti ń bá àbúrò mi tó wà lẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láti Ìkéré-Èkìtì

Ó pé ọdún méjì báyìí tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìpè àti ìfiránṣẹ́ fún. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ará Èkìtì mìíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí má rìn gbéregbère bí mo ṣe rìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a níbi tí kò sí. Mi ò mọ̀ pé oríṣiríṣi ni ẹ̀wọ̀n ibẹ̀: àtìmọ́lé káúńtì (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹjọ́ wọn ṣì wà ní kóòtù máa ń wà, ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀, àti ti ìjọba àpapọ̀. Ojú òpó ìjọba àpapọ̀ ni mo ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí, ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ ló sì wà. Ojú òpó àjọ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹ ò lè fi owó ránṣẹ́, ẹ ò lè kọ lẹ́tà.

Ìpè ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ẹ ò lè pe ẹlẹ́wọ̀n. Òun ló ń pè, ìṣẹ́jú rẹ̀ sì níwọ̀n. Nọ́ńbà Nàìjíríà kò wọlé ní tiwa, ìbátan wa kan ní Maryland ni àbúrò mi ń pè. Ìbátan yìí gbìyànjú láti so Yèyé wa mọ́ ìpè náà lọ́jọ́ kan. Bí Yèyé ṣe ní "Àjàní" báyìí, ó já. Òfin wọn kò gba kí a so ẹnì kẹta mọ́ ọn. Yèyé rò pé ohun tí òun sọ ló bà á jẹ́, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Connecticut, ìpè láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ti di ọ̀fẹ́ láti 2022. California ṣe tirẹ̀ ní 2023. Ó yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwa ará ilé la sábà máa ń san owó yẹn.

Kí ẹ tó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ tún àdírẹ́sì wò. Ní Pennsylvania, láti 2018, lẹ́tà ìdílé kì í lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Florida ló ń gbà á, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní tiwa. Yèyé kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ̀dà lásán ni ọmọ rẹ̀ rí.

Èyí tó dára jù ni ìfiránṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹlẹ́wọ̀n ń kà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa ra sítáǹpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ti bébà, òun ni wọ́n fi ń san owó ìfiránṣẹ́: ojú ìwé kan, sítáǹpù kan, fọ́tò kan, sítáǹpù kan. Káàdì náírà mi kò gbà, ìbátan wa ló ń rà á, èmi ń san án fún ìyá rẹ̀ ní Adó. Wọ́n máa ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì dé lọ́jọ́ kejì. Èyí tí mo kọ ní Yorùbá lo ọjọ́ 11. Inú bí mi gan-an. Síbẹ̀ mi ò ṣíwọ́, nítorí àbúrò mi ní Yorùbá yẹn lòun máa ń kà sókè lálẹ́, kí ẹnu òun má baà gbàgbé.

Fídíò náà wà, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré, sítáǹpù 4. Yèyé jókòó ti odó, iyán ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Àjàní. Kò tíì dé orí bàbá wa tí àkókò fi tán. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Yèyé bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí."