Mọ́tò fáànù tí mo rà fún ẹ̀rọ amúlétutù orí ọkọ̀ mi

Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé ọkọ̀ àgbélé mi, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń wà kiri tí a sì ń sùn sínú rẹ̀, ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin láì fẹ́ atẹ́gùn kankan. Kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń tọ́jú iná tó sì ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé èyí tó bá ti rẹ̀ máa ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti mọ́tò rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, agbára rẹ̀ kò dín sí iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Mo pa iná, mo fi ọwọ́ yí ṣáàfù mọ́tò náà, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí láàárín rẹ̀, ńṣe ló ń ha bí ọlọ tí iyanrìn bọ́ sí. Bùṣì inú rẹ̀, ìyẹn òrùka tí ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, ti gbẹ. Bí mo ṣe ra mọ́tò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí nìyẹn, kì í sì ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ amúlétutù náà ló ṣe é.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ méjì nínú irú ẹ̀rọ yìí. Ṣáàfù rẹ̀ yọ lápá méjèèjì: apá kan ń yí fáànù onírìsí agolo tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wọ inú ọkọ̀, apá kejì ń yí fáànù alábẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ ooru kúrò lára kọ́ìlì ìta, ìyẹn páìpù ríránkọ́ tí ooru ń gbà jáde. Nítorí náà, kì í ṣe iná àti iyára nìkan ló gbọ́dọ̀ bára mu, bí kò ṣe gígùn àti ìwọ̀n ṣáàfù lápá méjèèjì, àti ọ̀nà tó ń yí sí. Ibi ọ̀nà ìyípo yìí gan-an ni ẹni tó ta mọ́tò náà ti kù díẹ̀ káàtó. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí sí, kò sọ apá tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ wò ó, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń yí sí ọ̀tún lójú ẹni tó dúró níwájú, òsì ni lójú ẹni tó wà lẹ́yìn. Ọfà kékeré tí mo rí lára mọ́tò àtijọ́ ló gbà mí.

Títú ti àtijọ́ ló gba àsìkò jù. Mo yọ wáyà iná pátápátá, mo sì fi rẹsítọ̀, ìyẹn ohun tó ń dín bí iná ṣe ń ṣàn kù, tú iná tó kù nínú kàpásítọ̀ dànù, nítorí pé ó lè gbá ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a ti pa iná. Mo ya àwòrán àwọn wáyà kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ìpáàrà ti mú sikúrù tó di fáànù ìta mọ́ ṣáàfù, n kò sì fẹ́ lù ú ní hámà kí abẹ rẹ̀ má baà wọ́. Òróró ni mo fín sí i, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó gbọ́. Ike tó bò ó lókè ṣẹ́ ní igun kan. Oòrùn ló ti jẹ ẹ́, mọ́tò kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Mọ́tò tuntun náà wọlé sí àyè rẹ̀ wẹ́kú. Kò gbọ̀n, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, iná tó ń fà kò sì kọjá èyí tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Yìnyín tó máa ń bo kọ́ìlì inú, nígbà tí fáànù àtijọ́ ń lọ́ra kó tó dákẹ́, kò tún yọjú.

Ẹ̀sùn mi tó kù méjì ni. Wáyà rẹ̀ kúrú ju ti àtijọ́ lọ, mo ní láti so òmíràn mọ́ ọn. Èkejì tún burú jù: kàpásítọ̀ microfarad 10 (òṣùwọ̀n agbára kàpásítọ̀) ni mọ́tò yìí ń fẹ́, 7.5 ni ti àtijọ́, síbẹ̀ wọn kò fi kàpásítọ̀ sínú páálí. Nínú ẹ̀rọ tèmi, kàpásítọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún fáànù àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì amúnǹkan-tutù pọ̀), nítorí náà mo fi apá ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì ra ẹyọ kan lọ́tọ̀ fún fáànù. Ẹni tí kò bá ka ohun tí wọ́n kọ sí ara mọ́tò á kàn so ti àtijọ́ padà ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún mọ́tò náà. Méjì péré ni mo fún àlàyé tí wọ́n fi tà á.